Ọjọ́ tí Asunkún Kánsù Ké ní Ìnísà

Láti ọjọ́ tí mo ti bí àkọ́bí mi ni wọ́n ti tì mí mọ́lé, ṣùgbọ́n ọjọ́ karùn-ún ni ilẹ̀kùn náà fẹ́ gba ẹ̀mí wa.

Òmìnira kò tíì pẹ́ tó dé nígbà náà. Tíṣà ni mí ní Òkukù, ọkọ mi ń ṣe akọ̀wé ní Ìkìrun, ilé bàbá rẹ̀ sì wà ní Ìnísà. Nígbà tí oyún mi wọ oṣù rẹ̀, wọ́n ní Ìnísà ni mo máa bímọ sí, kí ìyá ọkọ mi lè máa wẹ ọmọ. Èmi ìbá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá tèmi, ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Wọ́n kó ẹrù mi sínú lọ́rì, mo bá ẹrù lọ.

Yàrá tí wọ́n fi mí sí wà lẹ́yìn ilé pátápátá. Fèrèsé kan ló ní, onígi, kò tóbi ju ibi tí ajá lè ki orí bọ̀ lọ, ilé ìdáná ló sì kọjú sí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀pá ìdábùú kan tó nípọn bí apá mi. Ìkòkò eléèédú wà ní ìgun yàrá tọ̀sán-tòru nítorí ọyẹ́, a kò sì gbọdọ̀ ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí ọmọ lára. Gbogbo ayé ń gbọ̀n fún ọyẹ́ níta, èmi ń làágùn nínú ilé.

Ìyá ọkọ mi kì í gbé ìgboro. Abà wọn lọ́nà Ìbà ló ń gbé, ọmọ tuntun yìí ló gbé e wá sílé. Obìnrin kúkúrú ni, ó lágbára, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àfi tó bá ń pàṣẹ. Àṣẹ ló sì kún ẹnu rẹ̀. "Ìyàwó, bo orí. Ìyàwó, má fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀. Ìyàwó, kí lo tún ń kà níbẹ̀ yẹn? Ìwé ò ní í sá lọ." Omi tó lè bó irun ewúrẹ́ ló fi ń wẹ̀ mí láàárọ̀ àti lálẹ́. Tí mo bá ní ó gbóná jù, á ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wẹ òun. Títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, n kò gbọdọ̀ ré kọjá àgbàlá ẹ̀yìn, a kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá ti dìde, á bi mí níbi tí mò ń lọ. Mo kórìíra rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún yẹn. Bó ṣe rí ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fèrè báyìí, nítorí òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná kì í jìnnà sí wa. Páànù ti wà lórí ọ̀pọ̀ ilé ńlá, ṣùgbọ́n koríko ni wọ́n ṣì fi ń bo ilé ìdáná, bí iná bá sì ta sí ọ̀kan, ọyẹ́ á gbé e fún èkejì. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lù tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, iná mú agbo-ilé kan, wọ́n lu agogo títí apá ro ẹni tó ń lù ú. Àwọn onígbàgbọ́ rò pé ìpàdé àdúrà ni, àwọn kan lọ wẹ̀, àwọn kan ń wá ìwé orin. Àwọn Mùsùlùmí ní kò kan àwọn. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, agbo-ilé ti di eérú.

Ni kánsù bá lọ ra fèrè tí àwọn òyìnbó ń pè ní sáírẹ̀nì. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì wọn. Bàbá kan tó ti jagun Bọ́mà, tó wá di àkódà, ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ. Ọwọ́ ló fi ń yí i, bí télọ̀ ṣe ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ kùn nísàlẹ̀, á máa gòkè, á máa gòkè, á wá han gooro, á tún rọlẹ̀ bọ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Asunkún ni àwọn ará ìlú sọ ọ́. Oníkéde yí ìlú ká, ó ní ẹni tó bá ti gbọ́ Asunkún, kó jáde kúrò nínú ilé, kó sì gbé omi dání, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin.

Mo wá sílé lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Nígbà tí mo padà sí Òkukù, mo ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì fi ẹnu ara mi ké bíi tirẹ̀ títí ọ̀gá ilé-ìwé fi yọjú wò wá. Kò sẹ́ni tó mọ Asunkún jù mí lọ.

Àwọn tó rà á gbọ́n. Wọ́n wò ó bóyá ohùn rẹ̀ máa dé òpin ìlú, ó sì dé ibẹ̀. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò bi obìnrin kankan léèrè bí ohùn náà ṣe rí létí rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún yẹn jẹ́ ọjọ́ ọjà, ilé dá. Àwọn obìnrin agbo-ilé ti lọ sọ́jà, àwọn ọmọ wà nílé-ìwé. Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà tán ni, ó ń ká ẹní rẹ̀. Mò ń fún ọmọ lọ́mú. Ni Asunkún bá ké.

Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn, nítorí mo rò pé iná ẹlòmíì ti wá tú mi sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. "Ìyá," mo ní, "fèrè kánsù nìyẹn o. Iná ń jó níbìkan. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde."

N kò tíì sọ ọ́ tán tí ìyá ọkọ mi fi ju ẹní sílẹ̀. Ó sáré ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọ̀pá ìdábùú, ó fi dá a. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó ká aṣọ, ó fi dí gbogbo àlàfo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó ń gbọ̀n. N kò rí i kó gbọ̀n rí.

"Pa ẹnu mọ́," ó ní. "Fi ọmú dí ọmọ yẹn lẹ́nu kó má ké. Orò ti jáde."

Ìlú kan ní apá Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí i, níbi tí Orò ti máa ń jáde lọ́sàn-án gangan. Ohùn rẹ̀ nìkan ni obìnrin ń gbọ́. Bó bá ti ké, obìnrin á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, kò sì ní í yọjú títí wọ́n á fi ní ó ti lọ. Bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e. Gbogbo wa la gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni lọ́dọ̀ tèmi. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹ̀rù tó ti wà lára kó tó mọ ìrun kí ni. Abà ló sì wà lọ́jọ́ tí wọ́n dán fèrè wò, oníkéde kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi tí mò ń fi fèrè dárà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo bá a gbé inú yàrá kan fún ọjọ́ márùn-ún, n kò rántí sọ ọ́ fún un. Mò ń bínú sí i lọ́wọ́.

"Ìyá, kì í ṣe Orò. Ẹ̀rọ ni. Àkódà kánsù ló ń yí i."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo ti rí i, Ìyá. Èmi fúnra mi rí i."

Ó wò mí bíi pé mo bú u. "O rí i? Ìwọ obìnrin, o fi ojú ara rẹ rí i? Jọ̀ọ́, má tún un sọ. Má tún un sọ lójú ọmọ yìí."

Ẹ wo wàhálà! Ohun tí mo rò pé á fi í lọ́kàn balẹ̀ ló tún dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Mo ní oníkéde ti sọ pé tọkùnrin tobìnrin ni kó jáde. Ó mi orí. Ó ní ìyàwó kékeré bàbá òun náà gbọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Orò ké, ìyàwó náà ní kì í ṣe Orò, ó ní atẹ́gùn ni, ó jáde lọ ká aṣọ tó sá.

"A ò rí i mọ́," ó ní. "Aṣọ náà wà lórí okùn. Kò sẹ́ni tó láyà láti ká a, títí oòrùn fi pa á, títí ó fi ya."

Ibi tó ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni mo ti gbóòórùn èéfín. Kì í ṣe ti èédú inú yàrá. Koríko ni. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí iná ṣe ń ta, kò sì jìnnà, ìdí ilé ìdáná tiwa gan-an ló ti ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin ń pariwo, "Omi! Ẹ gbé omi wá! Ẹ já koríko yẹn lulẹ̀!" Mo dìde. Mo pariwo pé a wà nínú ilé, ṣùgbọ́n Asunkún ń ké, ohùn mi kò kọjá aṣọ tó wà lójú fèrèsé. Gbogbo ìlú ti gbọ́ fèrè, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá ti gbọ́ ọ á ti jáde. Kò sẹ́ni tó wá kan ilẹ̀kùn wa.

"Ẹ gbọ́, Ìyá? Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe omi?"

"Mo gbọ́," ó ní. "Ìwọ náà fetí sílẹ̀. Ṣé o gbọ́ ohùn obìnrin kankan níbẹ̀?"

Mo fetí sílẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀kan. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Orí mi mọ ìdí rẹ̀: ọjà ni àwọn obìnrin wà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n àyà mi já. Mo wo ọ̀pá ìdábùú. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló jókòó síwájú rẹ̀, mo sì lágbára tó láti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tún jókòó sórí ibùsùn.

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí a fi wà bẹ́ẹ̀. Ooru yàrá yẹn ti wá yàtọ̀. Èéfín ń gba abẹ́ àjà wọlé díẹ̀díẹ̀, ojú ń ta mí. Asunkún á gòkè, á rọlẹ̀, á tún gòkè. Mò ń gbàdúrà lọ́kàn, ìyá ọkọ mi ń pe orúkọ Ọlọ́run tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, a kò wo ojú ara wa.

Ọmọ mi sín. Ó tún sín. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́, ikọ́ kékeré kan báyìí, bí ikọ́ ọmọ ológbò. Ó ṣí ẹnu láti gba èémí, kò tètè rí i gbà.

Ìyá ọkọ mi dìde. "Gbé e wá," ó ní.

"Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Mo ní gbé e wá."

Mo gbé e fún un. Ó fi ìró rẹ̀ wé e mọ́ àyà, ó so ó pinpin. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ara rẹ̀ lójú, ó ta kókó rẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́.

"Gbọ́ mi," ó ní, ó ti kọ ojú dídì sí apá ibi tí mo wà. "Ìwọ ṣì kéré. Èmi ti gbó. Tí mo bá dé òde tí ohunkóhun kò ṣe mí, màá pè ọ́, kí o wá jáde, ṣùgbọ́n kí o dijú. Bí o kò bá gbọ́ ohùn mi, á jẹ́ pé ó ti gbé mi. Ké sí ọkùnrin kan kó wá gbé ọmọ nílẹ̀, kó sì wá fi aṣọ bò ọ́ jáde. Orò ò ní í bá ọkùnrin jà."

Ó táràrá wá ọ̀pá ìdábùú, ó gbé e kúrò. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Èéfín rọ́ wọlé, ìyá ọkọ mi wọ inú rẹ̀ lọ, ó ń fi ọwọ́ kan ògiri, ọmọ mi wà láyà rẹ̀.

Mo jókòó. Ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu, kò sí ohun tó dá mi dúró mọ́ nílé ayé yìí, mo sì jókòó. Mò ń dúró kó pè mí. Asunkún kò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Tí ó bá ń rọlẹ̀, màá di èémí mi mú kí n lè fetí sílẹ̀, á tún gbéra. Mo rò pé ọmọ mi ti kú. Mo rò pé wọ́n ti gbé ìyá náà. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tíṣà, mo rò ó.

"Ìyàwó!"

Mo gbọ́ ọ nígbẹ̀yìn. "Ìyàwó, ó yá, jáde! Dijú!"

Mo sáré la èéfín kọjá. Koríko ilé ìdáná wa ti wó lulẹ̀, iná ti mú igi ẹnu ọ̀nà yàrá tí mo ti jáde. Àwọn ọkùnrin ń da omi láti inú agolo kẹrosíìnì. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́bàá ògiri àgbàlá, ó kọjú sí ògiri, gèlè ṣì wà lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọmọ lórí. Ó ti tẹ ẹyin iná, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ọmọ ń ké, n kò gbọ́ ohun tó dùn tó ẹkún yẹn rí.

"Ṣé o dijú?" ó bi mí.

"Mo dijú, Ìyá," mo ní. Ojú mi là rangbandan.

Ọkùnrin kan rí wa, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló dé tí ìyá di ojú, ṣé wọ́n ń ṣe bojúbojú ni. Ìyá túbọ̀ kọjú sí ògiri. Kò tú gèlè náà títí àwọn obìnrin fi sáré ti ọjà dé, tó gbọ́ ohùn wọn, tí ọ̀kan nínú wọn sì dì mọ́ ọn.

Kò sẹ́ni tó kú. Ilé ìdáná méjì lọ, yàrá ẹ̀yìn náà sì lọ pẹ̀lú ibùsùn tí mo jókòó lé. Wọ́n kó wa sí yàrá iwájú. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ mi ti ń retí ikú rẹ̀. Kò pariwo rẹ̀. Ó kàn pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ ibi tó kó aṣọ òkú rẹ̀ sí fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ jà lórí ilẹ̀ abà. Nígbà tí ọkọ mi ti Ìkìrun dé, ó mú un lọ sí kánsù, àkódà sì yí ẹ̀rọ náà díẹ̀ fún un kó rí i. Ó wò ó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó tiro padà wálé.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, èrò kún ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, tó ń darí ètò, ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn tó gbé ọmọ jáde. Gbogbo wọn ló kọjú sí mi. Tíṣà ni mí, ta ni ì bá tún jẹ́?

"Èmi ni," mo ní.

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹ ò rí i pé ìwé dára. Wọ́n ní ká ní ìyá àgbà nìkan ló wà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti di nǹkan mìíràn. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aṣọ ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò lè wò ó. Mo dúró de ohun tó máa sọ.

"Òun ni," ó ní. "Ìyàwó mi gbójú."

Ó pẹ́ gan-an kí n tó lè bi í. Abà la wà lọ́jọ́ náà, a ń pa ẹ̀gúsí. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò já irọ́ mi lọ́jọ́sí?"

Kò bi mí pé ọjọ́ wo. "Ìwọ ni ìyá rẹ̀," ó ní. "Ọmọ gbọ́dọ̀ lè sọ pé ìyá òun gbé òun jáde."

"Nígbà tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ṣé ẹ ti mọ̀ pé fèrè ni?"

"Rárá. Orò ni mo gbọ́."

Ó ti dolóògbé báyìí. Ọmọ náà ti bí ọmọ tirẹ̀, ó sì fẹ́ràn kó máa sọ fún wọn bí ìyá òun ṣe gbé òun la iná kọjá nígbà tí òun wà lọ́mọ ọjọ́ márùn-ún. Mo máa ń wà níbẹ̀ tó bá ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ á yíjú wò mí, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ìyá bàbá rẹ̀ ni. Èmi jókòó.